Ìràwọ̀ Kan Tí Í Ṣe Mẹ́ta

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù." Òtítọ́ ni òwe yìí nípa ojú ọ̀run, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ òtítọ́ nípa ọmọ ènìyàn. Ohun méjì lè máa rìn pọ̀ lójú ẹni tí ń wò wọ́n, kí wọ́n má sì bá ara wọn tan rárá. Òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ òtítọ́. Ohun kan lè dá dúró lójú ènìyàn bí ẹni tí kò ní ará, kí ó sì jẹ́ pé agbo ilé kan ni. Irú rẹ̀ ni ìràwọ̀ kan tí ó ń yọ ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá lọ́dọọdún, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti rí láìmọ orúkọ rẹ̀.

Alpha Centauri ni àwọn awòràwọ̀ ń pè é. Àwọn tí ń ka Ìwé Ìfihàn mọ Alfa gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà àwọn ará Gíríìkì. Bí àwọn awòràwọ̀ bá sì fi í ṣáájú orúkọ ìràwọ̀, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú agbo ìràwọ̀ náà ni wọ́n sábà ń fi í pè. Nínú gbogbo ìràwọ̀ òru tí ó dúró sí àyè wọn, méjì péré ni ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ lójú, èyíinì ni Sirius àti Canopus. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dàgbà tí ó sì kú láìfi ojú kàn án, nítorí pé kì í yọ lókè ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ń gbé ilẹ̀ Yorùbá lè rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ìgbà àti ibi tí a lè rí i

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rí i kọjú sí gúúsù gan-an, kí ìlà-oòrùn wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, kí ìwọ̀-oòrùn sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Kí ó na apá rẹ̀ tààrà síwájú, kí ó di ẹ̀ṣẹ́, kí ó sì to ẹ̀ṣẹ́ kan lé orí èkejì láti ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ méjì yìí ni ìràwọ̀ náà ń ga dé nígbà tí ó bá ga jù. Nítorí pé kò ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, igi àti òrùlé a máa bò ó. Orí òkè, etí ọ̀sà, tàbí pápá ilé ìwé tí ìhà gúúsù rẹ̀ ṣí gbayawu ni ó dára jù láti dúró sí.

Kì í ṣe òun nìkan ni ojú yóò rí níbẹ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta tí a tò pọ̀ ní òpin apá tí a nà, ìràwọ̀ mìíràn wà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tirẹ̀. Beta Centauri ni èyí. Alpha ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ bí iná fìtílà. Beta funfun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ojú bá sì ti ara Alpha kọjá lára Beta, tí ó ń bá a lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, yóò kan ìràwọ̀ mẹ́rin tí a tò bí àgbélébùú. Àgbélébùú Gúúsù ni àwọn atukọ̀ ojú òkun ń pè é. Àwọn ìràwọ̀ méjì náà ni ó dà bí ìka tí ń tọ́ka sí àgbélébùú náà.

Àgbẹ̀ tí ó bá jí ní ìdájí oṣù Fẹ́búárì, nígbà tí wọ́n ń ṣán ilẹ̀ sílẹ̀ de òjò, yóò bá Alpha Centauri ní ìdúró ní gúúsù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní oṣù Éépìrì, lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ ni ó ń dé ibẹ̀. Ní àárín oṣù Méè, ẹni tí ó bá jáde ní aago mẹ́wàá alẹ́ yóò rí i díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ní ìparí oṣù Júùnù, nígbà tí àgbàdo tútù ti ń jáde, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó ń dúró ṣánṣán ní gúúsù. Nígbà tí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì bá dé, ó ti yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ní àárín oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, ó ti wọ̀. Lẹ́yìn èyí ìmọ́lẹ̀ oòrùn a bò ó mọ́lẹ̀ títí di oṣù Dìsẹ́ńbà, nígbà tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ìdájí, bí ọyẹ́ bá jẹ́ kí ojú rí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò nítorí èyí pé ìràwọ̀ ni ó ń mú òjò wá, tàbí pé ó ní agbára lórí ìpín ènìyàn. Ayé ni ó ń yí oòrùn ká, yíyí kan náà yìí ni ó sì mú kí ìgbà òjò àti ìgbà ìràwọ̀ máa padà wá lọ́dọọdún. Agogo ilé ìjọsìn a máa lù ní àárọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó mú kí ilẹ̀ mọ́.

Àlùfáà tí ó rí méjì níbi ọ̀kan

Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1689, àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan tí í ṣe ará Faransé, Jean Richaud, wà ní Pondicherry ní etíkun ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn Jesuit ni, àwọn tí a rán jáde láti wàásù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọ́ ìmọ̀ ojú ọ̀run pẹ̀lú. Ìràwọ̀ onírù kan yọ ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, Richaud sì gbé awò gígùn, èyí tí a fi ń wo ohun tí ó jìnnà, láti wò ó. Bí ó ti ń wò ó ni ó darí awò náà kan Alpha Centauri, ó sì rí i pé ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ìràwọ̀ kan, méjì ni, tí wọ́n fara mọ́ra wọn.

Rírí nìkan kò tíì parí ọ̀rọ̀. Bóyá ìbátan ni méjèèjì, bóyá wọ́n kàn bọ́ sí ojú ìlà kan náà ni, kò sí ẹni tí ó lè sọ ní ọjọ́ náà. Ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà àti ìrókò tí ó wà lórí òkè jíjìn a máa dà bí ẹni pé wọ́n fara kan ara wọn lójú ẹni tí ó dúró síbi kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn wákàtí méjì lè wà láàrin wọn. Ohun tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni àkókò àti ìwé. Nicolas-Louis de Lacaille, ará Faransé mìíràn, wo ìràwọ̀ méjèèjì láti Cape ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà láàrin ọdún 1751 sí 1753, ó sì kọ ipò wọn sílẹ̀. John Herschel, ará Gẹ̀ẹ́sì, wò wọ́n láti Cape bákan náà láàrin 1834 sí 1838, òun pẹ̀lú kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a fi ìwé ti ẹni ìṣáájú wé ti ẹni ìkẹyìn, a rí i pé wọn kò dúró lójú kan. Èkíní ń yí èkejì ká, èkejì pẹ̀lú ń yí èkíní ká, bí àwọn ọmọdé méjì tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú tí wọ́n ń pòyì.

Ọgọ́rin ọdún, bí oṣù díẹ̀ kù, ni wọ́n fi ń yí ara wọn ká lẹ́ẹ̀kan. Ní 1955 ni wọ́n sún mọ́ra jù kẹ́yìn. Ní 2035 ni wọn yóò tún sún mọ́ra bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a bí ní ọdún 1955 yóò di arúgbó orí ewú kí wọ́n tó padà sí ibi tí wọ́n wà ní ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Láti ìgbà Richaud títí di òní, wọ́n ti yí po ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Ekukáká ni ènìyàn kan yóò fi lè fi ojú ara rẹ̀ wo yíyí kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dandan ni kí ẹni tí ń lọ fi ìwé sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀.

Nínú bí wọ́n ti ń fa ara wọn ni a ti mọ ìwúwo wọn. Èyí tí ó tóbi fi díẹ̀ wúwo ju oòrùn wa lọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti oòrùn. Èkejì fi díẹ̀ fúyẹ́ ju oòrùn lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdajì tirẹ̀. Oòrùn méjì ni wọ́n ní tòótọ́, nítorí oòrùn wa náà kò ju ìràwọ̀ kan lọ. Sísún mọ́ wa ni ó fi ń jọ wá lójú.

Ẹni tí ó wọn jíjìnnà rẹ̀, tí ó sì dákẹ́

Bí ènìyàn bá ń rìn lójú ọ̀nà, tí ó ń wo ọ̀pẹ kan tí kò jìnnà, yóò rí i pé ọ̀pẹ náà ń yẹ̀ sẹ́yìn lójú òkè tí ó wà lọ́nà jíjìn. Bí ọ̀pẹ bá ti sún mọ́ ọn tó ni yíyẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá mọ iye ẹsẹ̀ tí òun rìn, tí ó sì mọ bí ọ̀pẹ náà ti yẹ̀ tó, lè fi ìṣirò mọ bí ó ti jìnnà tó láìdé ìdí rẹ̀. Ọ̀nà kan náà yìí ni a fi ń wọn ìràwọ̀. Ayé ń gbé wa yí oòrùn ká. Ibi tí a wà ní oṣù Jánúárì jìnnà sí ibi tí a wà ní oṣù Júláì ní 186 mílíọ̀nù máìlì. Nítorí náà ó yẹ kí ìràwọ̀ tí ó bá sún mọ́ wa máa yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́dọọdún lójú àwọn tí ó jìnnà.

Láti ìgbà tí Copernicus ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1543 pé ayé ni ó ń yí oòrùn ká ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń wá yíyẹ̀ yìí, tí wọn kò rí i. Àwọn tí kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ a máa bèèrè pé, bí ayé bá ń rìn ní tòótọ́, èéṣe tí àwọn ìràwọ̀ kò fi yẹ̀? Àwọn mìíràn kéde pé àwọn ti rí i, a sì wá rí i lẹ́yìn náà pé wọ́n ṣìnà.

Thomas Henderson, ẹni tí a bí ní Dundee ní ilẹ̀ Scotland ní 1798, ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò kí ó tó di awòràwọ̀. Ojú rẹ̀ kò dára, ara rẹ̀ kò sì le. Ní 1832 ó dé Cape láti jẹ́ olórí ilé ìwòràwọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ kò bá a lára mu. Kò ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ tí ó fi padà sílé ní 1833. Ṣùgbọ́n láàrin ìgbà kúkúrú náà, òun àti igbákejì rẹ̀ wọn ipò Alpha Centauri lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Manuel Johnson, ẹni tí ń wo ojú ọ̀run ní erékùṣù St. Helena, fi tó o létí pé ìràwọ̀ yìí ń ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ lọ́dọọdún ju bí ìràwọ̀ ti í ṣe lọ, ohun tí ó jẹ́ àmì pé ó lè sún mọ́ wa. Henderson bá tún ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò, ó ṣe ìṣirò, ó sì rí yíyẹ̀ náà.

Ó kéré púpọ̀. Bí ẹnìkan bá di ínǹṣì kan mú, tí ẹlòmíràn sì dúró ní ibi tí ó ju máìlì mẹ́rin lọ láti wò ó, bí ínǹṣì náà ti tó lójú ẹni tí ń wò ó ni ìwọ̀n tí a ń sọ yìí tó. Ẹ̀rù ba Henderson. Ó rántí àwọn tí ó ti kéde ṣáájú tí ojú sì tì wọ́n. Ó fẹ́ kí òun rí ẹ̀rí sí i láti inú ìwé igbákejì òun. Ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọdún kan kọjá, òmíràn sì kọjá. Ní ìparí 1838, Friedrich Bessel, ní ìlú Königsberg, tẹ̀ ẹ́ jáde pé òun ti wọn jíjìnnà ìràwọ̀ mìíràn tí a ń pè ní 61 Cygni. Ní oṣù Jánúárì 1839 ni Henderson tó sọ tirẹ̀. Ó ti ní in lọ́wọ́ láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ Bessel ni a ń kọ títí di òní gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi dá ayé lójú. Henderson kú ní 1844. Ìwọ̀n rẹ̀ kò pé ní gbogbo ọ̀nà, nítorí ó fi ìràwọ̀ náà sún mọ́ ju bí ó ti yẹ lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin; síbẹ̀ ọ̀nà tí ó gbà tọ́, ohun tí ó rí náà sì jẹ́ òtítọ́.

Bí ó ti jìnnà tó

Ìmọ́lẹ̀ ń rin 186,000 máìlì láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ara oòrùn dé ayé jẹ́ 93 mílíọ̀nù máìlì, ìmọ́lẹ̀ a sì rìn ín ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀, kí ìyàwó ilé tó rokà tán. Ṣùgbọ́n láti ara Alpha Centauri, ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́rin ni ìmọ́lẹ̀ kan náà fi ń bọ̀. Kòkó tí a gbìn ní alẹ́ tí ó gbéra lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í so kí ó tó dé ojú àgbẹ̀ tí ó gbìn ín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí a mọ̀ wé e. Bí a bá pe jíjìnnà ayé sí oòrùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré, tí a sì fi wọ́n sí àgbàlá ilé kan ní Ìbàdàn, Alpha Centauri yóò wà ní ibi tí ó lé ní 50 máìlì, bí ẹni tí ó fẹ́ gba ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ lọ. Nínú àgbàlá tiwọn lọ́hùn-ún, ìràwọ̀ méjèèjì yóò sún mọ́ra di ẹsẹ̀ bàtà 11, wọn yóò sì jìnnà síra di nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 36, bí wọ́n ti ń yí po. Ọkọ̀ Voyager 1, tí Amẹ́ríkà rán sí ojú òfúrufú ní 1977, ń sáré ní nǹkan bí 38,000 máìlì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé ìhà ibẹ̀ ni ó dorí kọ, yóò gbà á ju 70,000 ọdún lọ. Ìràwọ̀ tí ó sún mọ́ wa nìyí. Kò sí ìràwọ̀ mìíràn, yàtọ̀ sí oòrùn, tí ojú lásán ń rí tí ó sún mọ́ wa tó o.

Níhìn-ín ni òwe àgùàlà ti tún wọlé. Beta Centauri, èyí tí ó dà bí èkejì rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ Beta ti wà lójú ọ̀nà fún ohun tí ó ju 350 ọdún lọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìràwọ̀ ńlá ni, tí ó jìnnà réré. Ojú ọ̀nà kan náà tí a ti ń wò wọ́n ni ó jẹ́ kí wọ́n jọ ẹlẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹta tí ń gbé abà

Ìbátan rẹ̀ tòótọ́ wà níbòmíràn tí ẹnikẹ́ni kò fura sí. Robert Innes ni ó rí i ní ọdún 1915 ní Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà. A bí Innes ní Edinburgh ní 1861. Oníṣòwò ọtí wáìnì ni ní Sydney rí, fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀. Ilé ìwòràwọ̀ tí ó jẹ́ olórí rẹ̀ gan-an, nítorí àtimáa kíyè sí òjò àti afẹ́fẹ́ ni ìjọba fi dá a sílẹ̀ ní 1903.

Innes ní àwòrán méjì ti apá ọ̀run kan náà lórí àwo dígí: ọ̀kan tí a yà ní 1910, èkejì tí a yà ní 1915. Ó fi wọ́n sínú ẹ̀rọ kan tí ń fi èkíní hàn, tí ó sì ń fi èkejì hàn ní àyè kan náà kíákíá, ní àfirọ́pò. Ìràwọ̀ tí kò bá ṣí kúrò, jẹ́ẹ́ ni yóò máa dúró. Èyí tí ó bá ṣí yóò máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ẹni tí ń wò ó. Láàrin àìmọye ìràwọ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́, Innes rí ọ̀kan kékeré tí ń fò. Ìhà ibi tí Alpha Centauri ń ṣí sí ni òun pẹ̀lú ń ṣí sí, ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ó wà jìnnà sí Alpha lójú ju ìbú òṣùpá àrànmọ́jú mẹ́rin lọ.

Lẹ́yìn èyí a wọn jíjìnnà rẹ̀, a sì rí i pé ó tilẹ̀ sún mọ́ wa ju àwọn méjì ìṣáájú lọ: ọdún mẹ́rin àti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń dé. Innes ni ó dábàá pé kí a máa pè é ní Proxima, ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí èyí tí ó sún mọ́ jù. Ó pupa, ó kéré. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ti oòrùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú 500. Ìdí nìyí tí ojú lásán kò fi lè rí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìràwọ̀ mìíràn tí ó sún mọ́ oòrùn tó o.

Bí a bá tún padà sí àpẹẹrẹ ẹsẹ̀ bàtà, Proxima jìnnà sí àgbàlá àwọn méjì náà tó bí máìlì méjì ààbọ̀. Òun ni ó dà bí ọmọ ilé tí ń gbé abà: ẹni tí ó bá kí wọn nílé kò ní bá a níbẹ̀, àlejò kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni. Ju 100 ọdún lọ ni àwọn awòràwọ̀ fi ń wádìí bóyá ìdílé náà ni ó ti wá ní tòótọ́ tàbí bóyá ó kàn ń kọjá lọ ni. Ní 2017 ni a tẹ ìṣirò kan jáde tí ó wọn ìrìn rẹ̀ dáadáa tó láti fi hàn pé ó so mọ́ wọn, ó sì ń yí wọn ká. Yíyí kan ṣoṣo a máa gbà á ju 500,000 ọdún lọ. Ọdún kan ṣáájú èyí, ní 2016, àwọn awòràwọ̀ tí Guillem Anglada-Escudé jẹ́ olórí wọn kéde láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Chile pé ayé kan ń yí Proxima fúnra rẹ̀ ká ní ọjọ́ 11 àti díẹ̀, ayé tí ó kéré tán wúwo bí tiwa. Iná òjijì a máa bú jáde lára Proxima, ayé náà sì sún mọ́ ọn púpọ̀. Kì í ṣe ibi ìtura fún ẹran ara bí tiwa.

Ohun tí èyí wí fún àgbẹ̀ àti fún ìyá ọmọ

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí tí ó rí ohun tí ó rí nítorí pé ojú rẹ̀ mú ju ti ẹlòmíràn lọ. Ojú Henderson tilẹ̀ burú. Ìwé ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ kì í hàn sí ẹni tí ń rí i lójoojúmọ́. Ìgbà tí a bá fi ti àná wé ti òní ni ó tó hàn. Ilẹ̀ oko tí ń ṣá a máa dà bí ẹni pé bákan náà ni ó wà, títí àgbẹ̀ yóò fi ṣí ìwé rẹ̀ tí yóò rí i pé ebè tí ó mú agbọ̀n ogún jáde ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn kò mú ju méjìlá jáde mọ́. Ọmọ ọwọ́ tí kò dàgbà bí ó ti yẹ a máa jọ ọmọ tí ó sàn lójú ìyá rẹ̀, títí a ó fi gbé e sórí òṣùwọ̀n, tí a ó sì fi ìwọ̀n oṣù yìí wé ti oṣù tí ó kọjá lórí káàdì rẹ̀. Ìwé ìdárawọ̀ kan àti pẹ́ńsùlù kan tó fún iṣẹ́ yìí. Kí àgbẹ̀ kọ ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀ sínú rẹ̀, ọjọ́ tí ó gbin nǹkan, àti ohun tí ó kó. Kí ìyá má sì ṣe sọ káàdì ọmọ rẹ̀ nù.

Ẹ̀kọ́ kejì wà lára Henderson. Ìṣọ́ra dára, ẹni tí kò bá dá ohun lójú kò yẹ kí ó pariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra tí kò ní òpin a máa di àdánù. Ẹni tí ó bá rí kòkòrò lára ewé àgbàdo rẹ̀, kí ó wí fún aládùúgbò rẹ̀ kí oko méjèèjì tó run. Ẹni tí ó bá húkọ́ tí ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ó má ṣe dúró de ìgbà tí yóò dá a lójú pé àìsàn ni. Kí ó lọ fi ara rẹ̀ han dókítà.

Bí òjò oṣù Júùnù bá ti dá, tí ó sì ti fọ ojú ọ̀run mọ́, kí bàbá pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí wọ́n fi aṣọ bo ara nítorí ẹ̀fọn, kí wọ́n sì kọjú sí gúúsù. Bí ilé ìwé kan ní àdúgbò bá ní awò gígùn kékeré, èyí tó láti rí ìràwọ̀ méjì níbi tí ojú ti ń rí ọ̀kan. Kìkì pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú awò bẹ́ẹ̀ wo oòrùn láé, nítorí yóò fọ́ ọ lójú. Bí kò bá sí awò, kí wọ́n ṣáà wò ó bẹ́ẹ̀, kí bàbá sì sọ fún wọn pé mẹ́ta ni. Onísáàmù wí pé Olúwa mọ iye àwọn ìràwọ̀, ó sì mọ orúkọ gbogbo wọn. Èyí tí ń gbé abà wà nínú iye náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ọmọ ènìyàn tó mọ̀ pé ó wà.